Níbo Ni Àlejò Yóò Dé Sí? Ìtàn Àwọn Àdúgbò Èkó Àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

 Bí ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ti máa ń ṣe, akọ̀wé ti jíṣẹ́ tirẹ̀, akápò sì ti ro owó. Ó kù kí a sọ ìtàn díẹ̀. Ìtàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ọdún yìí kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti oyè. Ọ̀rọ̀ kan tí ó kan gbogbo ilé ni: bí ọmọ wa bá dìde tí ó ní òun ń lọ sí Èkó, àdúgbò wo ni ó yẹ kí ó dé sí?

Kò sí ọdún kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa kì í fi ilé sílẹ̀ lọ sí Èkó. Bí ìdánwò bá ti parí, tí èsì sì ti dé, àwa olùkọ́ wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tọ̀ wá. Ìbéèrè kan náà ni ó sì máa ń wà lẹ́nu wọn: níbo ni yàrá ti pọ́ọ́kú jù lọ? Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ẹni tí kò ní owó púpọ̀ kò gbọdọ̀ gba ilé olówó ńlá. Ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn baba wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí oríṣiríṣi àlejò ti ń rọ́ wọ Èkó, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbé orí lé. Ohun tí ojú wọn rí wà nínú ìtàn. Ẹni tí ó bá fetí sí i kò ní láti fi ara tirẹ̀ dán an wò.

ÀWỌN ONÍLẸ̀

Ẹni tí yóò mọ Èkó, Ìsàlẹ̀ Èkó ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni Ìgá Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, wà. Ìtàn sọ pé oko ata Àrómirẹ́ ni ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí, orúkọ ààfin náà sì ń jẹ́rìí sí i. Àrómirẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn tí ó ni ilẹ̀ Èkó láti àtètèkọ́ṣe, tí wọ́n sì ń dé fìlà funfun títí di òní. Ìdílé Olúwà, ti Olótó àti ti Oníru wà nínú wọn pẹ̀lú.

A bẹ̀rẹ̀ láti ibi yìí nítorí ohun kan. Àlejò tí ó bá dé Èkó, tí ó rí ilẹ̀ gbalasa tí koríko bò, lè rò pé igbó tí kò ní olówó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etí òkun, ilẹ̀ náà ti ní ẹni tí ó ni ín. Gbogbo àlejò tí a óò sọ ìtàn wọn níhìn-ín, ẹnìkan ni ó fún wọn ní àyè. Ẹni tí ó bá mọ ẹni tí ó fún òun ní àyè, tí ó sì mọ irú àyè tí a fún òun, ni ó lè sùn dáadáa.

ÀWỌN TÍ Ó DÉ NÍ Ọ̀WỌ́Ọ̀WỌ́

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ja Èkó. Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, Ọba Akítóyè sì padà sí orí ìtẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1862, a gbà fún Kòsọ́kọ́ kí ó padà wálé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó bá a padà bọ̀. Ogunlọ́gọ̀ ni wọ́n, nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ni wọ́n sì ti fi wà ní Ẹ̀pẹ́. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Olórí wọn nínú ọ̀rọ̀ ibùgbé ni Ọ̀ṣọ́dì Tápà, ọmọ Tápà tí ó dàgbà sí ààfin Èkó tí ó sì di balógun pàtàkì. Kò jẹ́ kí wọ́n tú káàkiri. Ibì kan ni ó gbà fún gbogbo wọn, ó pín in sí agbo ilé agbo ilé, ó sì fi olórí sí agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Àdúgbò náà ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, èyí ni pé àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ ibẹ̀ dó. Ọ̀ṣọ́dì kú ní 1868, ṣùgbọ́n àdúgbò tí ó dá sílẹ̀ wà títí di òní.

Ní àkókò kan náà ni àwọn Sàró ń dé. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì kó sí Sẹ̀ríà Líónì, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Ìhà ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, ní Olówógbowó àti yíká Breadfruit, ni wọ́n fi ṣe ibùgbé. Kì í ṣe àdúgbò ibẹ̀ nìkan ni wọ́n rò: wọ́n rò ó pé etí omi ni ibẹ̀, ọkọ̀ ọjà kò sì jìnnà. Ibi tí wọ́n bá gbé ni wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí, ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì bá sì wà ni ilé-ìwé ń wà. Ní 1859 ni Thomas Babington Macaulay dá ilé-ìwé gíga C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó. Kò yani lẹ́nu pé láàárín àwọn Sàró ni a ti rí púpọ̀ nínú àwọn akọ̀wé, lọ́yà àti dókítà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa.

Àwọn Àgùdà ni ó gba àárín erékùṣù náà, ní àdúgbò tí a ń pè ní Pópó Àgùdà, ní agbègbè Campos, òpópónà Bámgbóṣé àti òpópónà Tòkunbọ̀. Láti Brazil àti Cuba ni wọ́n ti dé, àwọn mìíràn ti fi owó ara wọn ra ara wọn padà kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Brazil ní 1888. Ọwọ́ wọn kò dilẹ̀: bíríkìlà ni wọ́n, káfíńtà ni wọ́n, aránṣọ ni wọ́n. Nínú wọn ni João Baptista da Costa ti jáde, ẹni tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Ìdílé da Rocha kọ́ ilé kan sí òpópónà Kakawa tí a ń pè ní Ilé Omi, nítorí kànga tí ó wà níbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ti ń ra omi. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ọmọlé Àgùdà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìjọ Pádì, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí fún Mùsùlùmí tí òbí rẹ̀ ti Sàró bọ̀. Àdúgbò yàtọ̀ sí àdúgbò, ṣùgbọ́n odi kò sí láàárín wọn. Ohun tí ọwọ́ ẹnìkan mọ̀ ọ́n ṣe ni ó mú un rékọjá òpópónà tirẹ̀.

Ọ̀wọ́ kẹrin ni àwọn Ẹ̀gbá. Ní oṣù Kẹwàá, 1867, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, a fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, a kó ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere. Ìfọ́lé ni a ń pe ọ̀rọ̀ náà. Àwọn Onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tí ó sá bọ̀ wá sí Èkó rí ojú rere Glover, tí ó wà ní orí ìjọba nígbà náà. Ó fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ní òdìkejì ọ̀sà. A wọn ilẹ̀ náà, a la òpópónà rẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ, ọ̀kan dábùú ọ̀kan, a sì pín in fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, oko ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọjà tàbí kí ó lọ sí kóòtù, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Ẹlòmíràn yóò sọ pé a jù wọ́n sí ẹ̀yìn ìlú. Bí ogójì ọdún kò tí ì pé, ẹ̀yìn ìlú náà di ojú ọ̀nà, bí a óò ti sọ.

IṢẸ́ NI Ó Ń FA ÀLEJÒ

Àwọn tí a ti dárúkọ wọ̀nyí, ìran àti ìgbàgbọ́ ni ó kó wọn jọ. Lẹ́yìn wọn ni ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sọ ibi tí àlejò yóò gbé. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ní ọdún kan náà ni a parí afárá Carter tí ó so erékùṣù pọ̀ mọ́ Ìdó. Ibùdókọ̀ ńlá wà ní Ìdó, ilé iṣẹ́ tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe sì wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni fítà, alágbẹ̀dẹ, káfíńtà àti akọ̀wé ń wá iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tí a rò pé wọ́n wà ní ẹ̀yìn odi wá di onílé, àwọn ẹlòmíràn wá di àyálégbé wọn. Bákan náà ni ó rí ní Apápá nígbà tí èbúté ọkọ̀ ńlá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926: àwọn tí ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù wá ibi tí wọn yóò sùn nítòsí, Ajégúnlẹ̀ sì kún.

Ní Ọbáléńdé ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ogun Háúsá àti ìdílé wọn wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀. Àwọn ènìyàn ń túmọ̀ orúkọ náà pé ibi tí ọba lé wa dé ni. Ìjọba ni ọba tí wọ́n ń wí. Orúkọ yìí nìkan tó ẹ̀kọ́: kì í ṣe gbogbo àdúgbò ni àwọn tí ń gbé ibẹ̀ fúnra wọn yàn.

Ìkòyí sì ni èyí tí a fi òfin pààlà rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, àwọn òyìnbó ni a yà á sọ́tọ̀ fún, ènìyàn dúdú kò gbé ibẹ̀ bí kò ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ní 1947, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó kọ̀ láti gba òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú sílé. Ariwo tí àwọn ènìyàn wa pa nítorí rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Gómìnà fi pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn Ìkòyí ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó dúró sí ẹnu ọ̀nà ní ipò àwọ̀ ara.

PÁÀLÀ TÍ ÀLEJÒ KÒ RÍ

Iye ènìyàn Èkó jẹ́ bí 126,000 ní 1931. Ó di bí 230,000 ní 1950. Ó sì lé ní 665,000 ní 1963. Ilẹ̀ erékùṣù kò gùn sí i. Nítorí náà ni àwọn àlejò fi kọjá sí Mùṣín, Ṣómólú àti Agége, níbi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n, tí owó yàrá kò sì pọ̀.

Ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù. Ní 1954 ni a yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó di ti ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n Mùṣín àti Ìkẹjà kò bá a lọ, abẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967. Àyálégbé méjì lè jọ máa ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Marina, kí ọ̀kan máa sùn ní Yábàá, kí èkejì sì máa sùn ní Mùṣín, kí ìjọba tí ń ṣe àkóso wọn sì yàtọ̀. Ní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1957 ni ti Èkó tó bẹ̀rẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko, ọmọ Mùṣín ń lọ sí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá tí ń gbé Èkó sì ń san owó. Lọ́wọ́ kejì, ọ̀nà ọ̀dà, omi ẹ̀rọ àti ìkólẹ̀ kò tètè dé Mùṣín. Ẹni tí ó bá ń wo owó yàrá nìkan kò lè mọ èyí tí ó jèrè nínú àwọn méjèèjì.

NÍGBÀ TÍ ÌJỌBA BÁ Ń TÚN ÌLÚ ṢE

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ara eku ń gbé kiri wọ Èkó, ó sì bá ìlú jà fún ọdún bí mélòó kan. Ilé tí a kọ́ fún ara wọn gbágbágbá, tí atẹ́gùn kò ráyè wọ̀, ni a dá lẹ́bi. Ní 1928 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń tún Èkó ṣe sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí L.E.D.B. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó la òpópónà sí Yábàá, tí ó sì pín ilẹ̀ ibẹ̀.

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà tí ó dùn àwọn ènìyàn jù ni ti 1955. Òmìnira ń bọ̀, a sì fẹ́ kí olú-ìlú dára lójú àlejò. Ìjọba ní kí a wó nǹkan bí éékà 70 ní àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó, kí a sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé titun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ojú ọ̀nà mọ́, omi wà, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, ta ni kò ní fi yàrá tí ó ṣókùnkùn sílẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀?

Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, wá ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ohun tí ó rí ni pé ìyá tí ń pàtẹ sí iwájú ilé ní Èkó kò rí oníbàárà ní Sùúrùlérè. Aránṣọ tí àwọn ènìyàn mọ ojúbodè rẹ̀ kò rí ẹni tí yóò gbé aṣọ fún un. Owó ọkọ̀ ń jẹ owó oúnjẹ. Àwọn ọmọ ìyá tí wọ́n ti ń jọ gbé agbo ilé kan tú ká. Ìyá àgbà tí àwọn ọmọ ń gbé oúnjẹ fún lálaalẹ́ wá di ẹni tí a ń bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn fi ilé titun sílẹ̀, wọ́n padà lọ há ara wọn mọ́ yàrá kótópó ní erékùṣù, nítorí pé níbẹ̀ ni oúnjẹ wọn wà.

A kò sọ èyí láti bu Sùúrùlérè kù. Orúkọ rẹ̀ rò ó lóòótọ́: àwọn tí ó ní sùúrù jèrè níkẹyìn, àwọn ọmọ wọn sì ń fi ibẹ̀ yangàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ilé dídára yàtọ̀ sí ibùgbé dídára. Bíríkìlà lè fi oṣù mẹ́fà kọ́ ilé, ṣùgbọ́n àwọn tí yóò mọ̀ pé ara rẹ kò dá, tí wọn yóò sì kan ilẹ̀kùn rẹ, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń gbà kí a tó rí wọn kó jọ.

Ọ̀RỌ̀ ÌWÉ ILẸ̀

Ní ibi yìí, a fẹ́ kí àwọn òbí tí ń ta kòkó tàbí tí ń yá owó láti ra ilẹ̀ fún ọmọ ní Èkó fi etí sílẹ̀ gidigidi. Lẹ́yìn ikú Ọ̀ṣọ́dì Tápà, ìjọba fi ìwé ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lé àwọn olórí agbo ilé lọ́wọ́. Nígbà tí ó pẹ́, ìbéèrè dé: ṣé olórí agbo ilé ni ó ni ilẹ̀, tí ó lè tà á, tàbí ó wulẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ni? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dé bá ilẹ̀ tí Glover fi fún àwọn Ẹ̀gbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ẹjọ́ lórí ẹjọ́, títí di 1947 tí ìjọba fi ṣe òfin fún ilẹ̀ méjèèjì. Ẹ ka ọdún láti 1867 dé 1947: ọgọ́rin ọdún ni. Àwọn tí ó gba ilẹ̀ náà ti kú, àwọn ọmọ wọn ti darúgbó, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀ kò tí ì tán.

Bí èyí bá jọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú wa, Màròkó kò tí ì di àtijọ́. Àdúgbò ńlá ni ní ẹ̀gbẹ́ Victoria Island. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ tálákà ni ó kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ní oṣù Keje, 1990, ìjọba ìpínlẹ̀ kó katakata wọ ibẹ̀, a sì wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tí ó ní ìwé àti àwọn tí kò ní, gbogbo wọn ni ó gbé ẹrù sórí. Láti 1978 ni òfin sì ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà rẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí ọmọ onílẹ̀ kọ ní abẹ́ igi kò tó. Kí a bèèrè lọ́wọ́ ìdílé tí ó ni ilẹ̀, kí a bèèrè lọ́wọ́ awọnlẹ̀ tí ìjọba mọ̀, kí a lọ wo ìwé ní ọ́fíìsì ilẹ̀, bóyá ìjọba ti fi ojú sí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó lọ́yà tí a san ṣáájú kò tó ìdá mẹ́wàá omijé tí a óò sun lẹ́yìn.

ṢÉ KÍ A GBÉ PỌ̀ NI, TÀBÍ KÍ A TÚ KÁ?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìnrànyìn nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn kan ní kí gbogbo ọmọ ìlú wa tí ó wà ní Èkó kó ara wọn jọ sí àdúgbò kan, kí a lè máa rí ara wa. Àwọn kejì ní àṣà àtijọ́ ni èyí, pé kí olúkúlùkù gba ibi tí ó sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ẹgbẹ́ kejì ń tọ́ka sí owó ọkọ̀.

Lójú tiwa, ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó ní ìgbà ogun Kírìjì yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ Sàró, àwọn kan jẹ́ Àgùdà; àdúgbò wọn kò pọ̀, ìjọ wọn kò pọ̀, èdè òyìnbó tí wọ́n gbọ́ pàápàá yàtọ̀. Síbẹ̀ wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ẹgbẹ́ yìí ni ó ń kó owó jọ, tí ó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun, tí ó sì tún bá ìjọba sọ̀rọ̀ àlàáfíà títí a fi tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886. Ọ̀kan nínú wọn, Joseph Pythagoras Haastrup, ni ó padà sí Iléṣà tí ó sì jọba ní 1896, tí a ń pè ní Ajímọ̀kọ́. Kì í ṣe òpópónà kan náà ni ó so wọ́n pọ̀. Ìpàdé ni ó so wọ́n pọ̀, pẹ̀lú owó tí wọ́n ń dá àti iṣẹ́ tí gbogbo wọn mọ̀ pé ti àwọn ni.

Nítorí náà, a kò rò pé ó di dandan kí a jọ gbé àdúgbò kan. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tú ká débi pé ẹnìkan kò mọ ilé ẹnìkejì. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé àìsàn dá ọmọ ìlú wa dùbúlẹ̀ nínú yàrá ní Èkó, tí ó sì jẹ́ ẹ̀yìn ọjọ́ mélòó kan ni ará ilé tó gbọ́. Ohun ìtìjú ni èyí jẹ́ fún ẹgbẹ́ tí ó ní alága, akọ̀wé àti akápò.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtilọ, nǹkan márùn-ún ni kí ẹ wò kí ẹ tó san owó yàrá. Èkíní, ta ni ẹ mọ̀ ní àdúgbò náà? Bí kò bá sí ọmọ ìlú, ṣé ọmọ ìjọ wà, tàbí ọmọ iṣẹ́ kan náà? Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Èkejì, báwo ni ọ̀nà ibẹ̀ sí ibi iṣẹ́ ti rí? Kí a fi owó ọkọ̀ kún owó ilé kí a tó sọ pé ilé pọ́ọ́kú. Ní oṣù Kẹsàn-án, 2023, ọkọ̀ ojú irin titun bẹ̀rẹ̀ láti Marina sí Mile 2. Ní 2024, òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti Agbádó sí Òyìngbò. Bí rélùwéè àtijọ́ ti sọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta di ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí yóò sọ ibi tí ó jìnnà di ìtòsí. Ẹni tí ó ní ojú inú yóò wo ibi tí ọkọ̀ ń gbà.

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ wo àdúgbò náà ní ìgbà òjò, ẹ má ṣe wò ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ìlú ọ̀sà àti àbàtà ni Èkó. Ilé tí ó gbẹ ní oṣù Kejì lè di odò ní oṣù Keje. Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn, bí ẹ kò tilẹ̀ tí ì ṣe ìgbéyàwó. Àpọ́n òní ni bàbá ọmọ lọ́la. Ẹ̀karùn-ún, ẹ bèèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé, nítorí àyálégbé pàápàá ń jìyà bí a bá wó ilé.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, a dá a lábàá pé kí akọ̀wé ní ìwé ńlá kan tí orúkọ gbogbo ọmọ ìlú wa ní Èkó yóò wà nínú rẹ̀, àdúgbò sí àdúgbò. Kí a yan alábòójútó kan fún agbègbè kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ní Sùúrùlérè, ọ̀kan ní Mùṣín, ọ̀kan ní Agége, ọ̀kan ní Ajégúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí lọ. Ọmọ tí ó bá ń ti ilé bọ̀, kí bàbá rẹ̀ mú un lọ bá akọ̀wé ẹ̀ka ti ilé, kí a kọ orúkọ alábòójútó fún un kí ó tó wọ ọkọ̀. Àlejò ọ̀sán kò ní ìyà bí ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá ní ojú pópó tí kò mọ ilé ẹnìkan. Iṣẹ́ yìí kò ní ná wa ní ju ìwé àti bírò lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹ̀mí là.

Ọ̀ṣọ́dì Tápà kò lọ sí yunifásítì kankan. Síbẹ̀, nígbà tí ó ń mú àwọn ènìyàn rẹ̀ bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ó rí i dájú pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tí kò ní ibi tí yóò sùn àti olórí tí yóò bèèrè rẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí àwa tí ó kàwé kò bá lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, kí ni a ń pé jọ fún? Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí olúkúlùkù wa sí, kí ó jẹ́ kí àwọn tí ó lọ ṣe oríire níbẹ̀, kí wọ́n sì rántí ilé. Àmín.